Ajá Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Nínú gbogbo ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run, ẹyọ kan ṣoṣo ni Yorùbá so ilé mọ́ lórúkọ: ẹyẹlé, ẹyẹ ilé. Adìẹ náà ń gbélé o. Pẹ́pẹ́yẹ ń gbélé. Tòlótòló tó ń wú bí ẹni tó jẹ oyè láàárọ̀ yìí náà ń gbélé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló lè lọ? Ẹyẹlé lè lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ lè gbé e láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọlọ́kadà tó rí èrò kejì gbé, síbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á padà wá sùn sábẹ́ òrùlé ẹni tó ń fọ́n àgbàdo fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ajá náà ń gbé inú ilé yẹn. Ajá, ọmọ ìkookò, tí wọ́n ń mú lọ sí igbó ọdẹ nítorí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń lé ohun tó bá sáré. Ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo nílẹ̀ á kàn fò lójijì, á gbọn ìyẹ́ pà-pà-pà. Ohun tó ń dán ajá wò tó ìyẹn ò pọ̀. Báwo wá ni àwọn méjèèjì ṣe jọ ń jẹun nínú àgbàlá kan náà láti ayé àwọn baba ńlá wa?

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ajá àtijọ́ níwà, pé ajá ayé ìsinsìnyí ló ti ya ìpátá. Mi ò gbà. Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ jẹun, ohun tí iṣẹ́ yẹn sì kọ́ mi ni pé tí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọdún pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò pariwo nípa ẹ̀, ẹnì kan ti jókòó ṣètò ẹ̀ dáadáa. Àlàáfíà tó wà láàárín ajá àti ẹyẹ nínú agbo ilé Yorùbá, ìṣètò ni. Ilé tí ìṣètò yẹn dúró lé lórí la wó, la wá ń bi ajá léèrè ìdí tó fi ń pa ẹyẹ.

Tí wọ́n bá dárúkọ bíbọ́ ẹyẹ ní ẹ̀yìnkùlé lónìí, ìlú òyìnbó ni ọkàn àwa ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń lọ. Ìtàn tiwọn náà wà. Nígbà òtútù líle ti 1890 sí 1891, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ àwọn èèyàn kí wọ́n máa gbé oúnjẹ síta fún ẹyẹ. Nígbà tó fi máa di 1910, ìwé ìròyìn Punch ti ń pe bíbọ́ ẹyẹ ní eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tiwa ti wà tipẹ́tipẹ́ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, a ò kàn fún un lórúkọ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Ajá ni. Ní Bonn-Oberkassel, lórílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n hú sàréè kan jáde ní 1914, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì sin ajá mọ́ wọn. Sàréè náà ti tó nǹkan bí ọdún 14,000. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó ń dáko níbẹ̀, ká má tíì wá sọ pé ó ń sin adìẹ.

Adìẹ dé lẹ́yìn, ó pẹ́ kó tó dé. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé egungun adìẹ ilé tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tó ṣeé fọkàn tán, Ban Non Wat ní Thailand ni wọ́n ti rí i, láàárín 1650 sí 1250 kí wọ́n tó bí Jésù. Àlàyé wọn ló dùn mọ́ mi jù: wọ́n ní ìrẹsì àti ọkà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gbìn ló fa ẹyẹ náà jáde látinú igbó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣé ẹ rí i? Adìẹ gan-an alára, ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé ni níbẹ̀rẹ̀. Ọkà dà sílẹ̀, ó wá jẹ, ó lọ, ó tún wá, nígbà tó yá kò lọ mọ́. Ajá sì ti wà nílé kó tó dé.

Lápá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun adìẹ ní Kirikongo, ní Burkina Faso, tó fi hàn pé adìẹ ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ó kéré tán láti nǹkan bí ọdún 500 lẹ́yìn ikú Jésù. Àwa tá a wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tá a gbé orúkọ Ifẹ̀ kọ́rùn, a tún ní ìtàn tiwa tí ò nílò awalẹ̀pìtàn: adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló fẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn kan tún máa ń fi ẹyẹlé sínú ìtàn náà. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó fi ajá sí i, bóyá nítorí pé ajá ò bá jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí.

Nípa ajá ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní ìparí 1825, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gba àárín ilẹ̀ Yorùbá lọ títí ó fi dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìn-ín-ní 1826. Kì í ṣe àlejò tuntun ní Áfíríkà. Ó ti dé Bọ̀rọ̀nú àti Sókótó ṣáájú. Sókótó náà ló padà kú sí ní 1827. Nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829, ó kọ ọ́ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń fi okùn aláràbarà tí wọ́n to owó ẹyọ sí sí ajá lọ́rùn, pé àwọn ẹni ńlá máa ń mú ajá wọn dání tí wọ́n bá ń lọ sóde, ó sì jọ lójú tiẹ̀ pé wọ́n yan ọmọdékùnrin kan tì í láti máa tọ́jú ẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tóun ti rìn dé, òun ò ríbi tí wọ́n ti ṣe dáadáa sí ajá bíi tibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló kọ́ wa láti máa so nǹkan mọ́ ajá lọ́rùn, ẹ ní kó lọ ka Clapperton.

Ọmọdékùnrin yẹn ni kí ẹ mú dání nínú ìtàn yìí. Ajá tí ọmọ kan ń tẹ̀ lé láti àárọ̀ dalẹ́ kì í ráyè pa ẹyẹlé ẹlẹ́yẹlé.

Ẹ wá fojú inú wo agbo ilé àtijọ́, irú èyí tó ṣì kù díẹ̀díẹ̀ ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ẹnu ọ̀nà ńlá kan sì ni gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Àgbàlá yẹn kì í ṣófo. Ẹni tó ń lọ ata wà níbẹ̀, ẹni tó ń já ẹ̀fọ́, àwọn ọmọdé, arúgbó tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tó wà lára ajá pọ̀ ju kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni lè rà lónìí lọ, ojú náà sì lè ju bàtà.

Òkè ni ilé ẹyẹlé máa ń wà: ìkòkò tí wọ́n gbé kọ́, apẹ̀rẹ̀, tàbí àpótí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lábẹ́ òrùlé, níbi tí ajá ò lè fò dé. Adìẹ ní àgò tirẹ̀ tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lálẹ́. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán, wọ́n á ṣí àgò, wọ́n á fọ́n ọkà sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Ibi tí wọ́n ti gbá yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe jọ lọ. Lórí ilẹ̀ mímọ́, ẹyẹ á rí gbogbo hóró, wọ́n á ṣà á tán kí oòrùn tó gun òkè, kò ní sí àjẹkù tí á máa pe eku lálẹ́. Èèrí ògì náà wà fún wọn, àti ẹ̀kọ tó ti kan. Ajá ní tiẹ̀, ibòmíì ni wọ́n ti ń bọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀nà tàbí lẹ́yìn ilé ìdáná, eegun àti òkèlè tó kù nínú àwo, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló sì ti ń gbà á. Ibi ọ̀tọ̀, àkókò ọ̀tọ̀, ọwọ́ ọ̀tọ̀.

Mo bi ìyá àgbà kan léèrè rí níbí. Ajá ẹ̀ ń sùn, àgbébọ̀ ń kó ọmọ mẹ́jọ kọjá níwájú imú ẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, ìyá. Kí lẹ ṣe fún ajá yín tí kì í lé adìẹ?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò ṣe nǹkan kan fún un, ọmọ mi. Àgbébọ̀ ló kọ́ ọ. Ìgbà tó wà lọ́mọ, ó lọ fimú kan ọmọ ẹ̀. Ohun tójú ẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, kò tíì gbàgbé."

Òótọ́ ni. Ọmọ ajá tó bá dàgbà láàárín adìẹ á ti jẹ ìyà lọ́wọ́ wọn kí eyín ẹ̀ tó le. Tó bá fi máa gbọ́njú, adìẹ ti di ará ilé lójú ẹ̀, bíi ewúrẹ́, bíi àwọn ọmọdé. Ajá ọdẹ tó ń fa ọ̀yà ya nínú igbó lè darí délé kó fo àkùkọ kọjá láìwò ó. Àmọ́ ká má parọ́ fúnra wa, ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú àlàáfíà yẹn. Ajá tó bá ti tọ́ adìẹ wò, tó sì ń padà sídìí ẹ̀, kì í pẹ́ nílé. Olówó ẹ̀ á san owó adìẹ lẹ́ẹ̀kan, á san án lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà, Ògún wà níbẹ̀ tó ń gba ajá. Ìran ajá tá a jogún, àwọn tí ò pa adìẹ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó pẹ́ láyé débi tí wọ́n fi bímọ. Ìyẹn náà wà lára ìṣètò, bí kò tiẹ̀ dùn ún gbọ́.

Níta agbo ilé, ẹyẹ míì tún wà tó ń bá ajá pín oúnjẹ: gúnnugún. Ní ààtàn, ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ní oríta tí wọ́n gbé ẹbọ sí, òun àti ajá ni. Àwọn bàbá wa ò rí i bí ẹyẹ burúkú. Ẹbọ tí gúnnugún ò bá jẹ, ọkàn ẹni tó rú u kì í balẹ̀. Bíbọ́ ẹyẹ nìyẹn náà, àfi tẹ́ ẹ bá ní òun kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí báyìí ò tíì rí gúnnugún lójúkojú rí. Àjọ IUCN fi èyí tó ń gbé àárín ìlú wa sára àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun jù lọ ní 2015.

Ta ló wá ń jẹ ìpín gúnnugún? Íńdíà ti dáhùn ìbéèrè náà fún wa. Láti àwọn ọdún 1990, gúnnugún ibẹ̀ ń kú lọ rẹpẹtẹ nítorí oògùn ìrora kan, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù. Ẹyẹ tó bá jẹ òkú màlúù náà, kíndìnrín ẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Ṣùgbọ́n ajá ìgboro ti jogún òkú ẹran, wọ́n ti bí sí i, wọ́n sì ń bu èèyàn jẹ. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2008 ni pé láàárín 1992 sí 2006, ó lé ní 47,000 èèyàn tí àrùn dìgbòlugi pa ní Íńdíà tí kì bá tí kú ká ní gúnnugún ṣì wà. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ohun tó wà láàárín ajá àti ẹyẹ ò ju kí ajá má pa ẹyẹ lọ. Ìṣirò yẹn jẹ́ kí n rí i pé tí ẹyẹ bá kúrò nídìí oúnjẹ, ara èèyàn ni ajá máa ń bọ́ sí nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àgbàlá. Àgbàdo tá à ń fọ́n yìí pàápàá, àlejò ni. Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí Columbus débẹ̀ ní 1492, ọkọ̀ àwọn Potogí sì wà lára ohun tó gbé e dé etíkun wa. Ọkà bàbà ló ti ń bọ́ ẹyẹ lọ́dàn ṣáájú ẹ̀. Àgbàdo so dáadáa níbí, ó yára pọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó o pamọ́ láìgbẹ, á bu, á hu irun funfun tàbí àwọ̀ ewé lára. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń rò pé èyí tó bu ni ti ẹyẹ: "ẹ fọ́n ọn fún ẹyẹlé." Ewu tó wà níbẹ̀, ìtàn kan náà ló fi hàn, ajá àti ẹyẹ ló sì kú nínú ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ajá ń kú ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù mélòó kan. Wọ́n pè é ní àìsàn X. Ìgbà tí wọ́n tọpa ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n kó wọlé láti Brazil ni, èyí tó ti bu. Májèlé inú ẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní aflatoxin. Òun náà ni wọ́n padà rí i pé ó pa àwọn ajá Amẹ́ríkà yẹn, nínú oúnjẹ tó ti bu. Ajá kì í sì í wo ẹni tí wọ́n da oúnjẹ fún. Ohun tẹ́ ẹ bá fọ́n fún ẹyẹ, tó bá kù nílẹ̀, á fi ahọ́n gbá a.

Agbo ilé ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ ní agbègbè Èjìgbò, ọ̀nà pàtàkì kan tó gbà fọ́ ni Côte d'Ivoire. Láti ìgbà òyìnbó amúnisìn ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, débi pé Faransé ò ṣàjèjì létí ọmọ Èjìgbò. Owó ibẹ̀ kọ́ ilé tó dáa. Irú ilé wo? Ilé tó dá dúró, fẹ́ńsì gíga, géètì, sìmẹ́ńtì látẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé. Onílé wà ní Abidjan, màmá arúgbó kan wà nínú ilé, ajá wà lẹ́nu géètì. Mi ò bú wọn o, èmi náà á kọ́ irú ẹ̀ tí mo bá lówó. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó lọ: kò sí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ajá, kò sí arúgbó lójú àgbàlá, kò sí àgbébọ̀ tó máa kọ́ ọmọ ajá lẹ́kọ̀ọ́. Ajá náà pàápàá ti yàtọ̀. Ṣẹ́pẹ́ẹ̀dì Jámánì tí gbogbo èèyàn ń wá, 1899 ni Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìran ẹ̀ sílẹ̀. Ajá darandaran ni, bó bá sì ti rí ohun tó ń sáré, ara ẹ̀ kì í gbà á kó jókòó. A rà á, a tì í mọ́lé lọ́sàn-án, a tú u sílẹ̀ lálẹ́. Ọjọ́ tí ẹyẹlé aládùúgbò bá bà sínú fẹ́ńsì, ọjọ́ náà ló máa kọ́kọ́ rí ẹyẹ nítòsí láyé ẹ̀. Ẹ wá retí kó níwà.

Àrùn náà ò jẹ́ kọ́rọ̀ rí bó ṣe rí mọ́. Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní Ìbàdàn láàárín 1952 sí 1953. Ẹyẹlé náà lè gbé irú kan nínú ẹ̀ kiri. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom nítòsí Jos ń ṣe é. Ní oṣù kejì 2006, àrùn ẹyẹ H5N1 jáde ní oko adìẹ kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i ní Áfíríkà nìyẹn. Ibi tó kan ajá nínú ẹ̀ rèé: ní Thailand, ní 2004, ajá kan jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ tí àrùn yìí pa, òun náà kú. Ní 2023, ajá kan ní Ontario, ní Kánádà, gé òkú ẹyẹ ìgbẹ́ kan jẹ, ó kú. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òkú ẹyẹ nínú àgbàlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá gbé e, ẹ má sì fọwọ́ lásán gbé e. Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ wọ̀ sọ́wọ́, kẹ́ ẹ sin ín jìn. Tí òkú ẹyẹ bá ti ju ẹyọ kan lọ, ẹ ké sí dókítà ẹran.

Èmi náà ní ajá, ajá ìbílẹ̀, etí rẹ̀ nà sókè, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ń sin adìẹ ló ti kọ́kọ́ gbé oṣù mẹ́ta. Nílé mi, kò sí agbo ilé, fẹ́ńsì ló wà, torí náà àwọn nǹkan tí agbo ilé ń ṣe fúnra ẹ̀, èmi ni mò ń fọwọ́ ṣe é. Káfíńtà kan ní Èjìgbò bá mi kan àpótí pákó mẹ́ta, a gbé wọn sábẹ́ òrùlé ní ẹ̀yìn ilé. Ó bi mí bóyá àdúgbò wa ò ní mọ̀ mí sí babaláwo. Mo ní kó kàn án.

Ajá ni mo máa ń kọ́kọ́ bọ́ láàárọ̀, níwájú ilé, kí ikùn ẹ̀ ti kún. Màá so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá gbá ẹ̀yìnkùlé, màá fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà kan, kì í ṣe abọ́ kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti tán, màá tú ajá sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí ẹyẹ kankan tó wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, àdàbà méjì, àwọn ológoṣẹ́, lẹ́yìn náà ẹyẹlé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí wọn. Mi ò tíì ra tèmi. Ẹ̀gà ò ka ọkà mi sí, oko ẹlòmíì ló ń bọ́ wọn, orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì ni wọ́n ti ń pariwo.

Omi ló yà mí lẹ́nu. Abọ́ amọ̀ kan tó fẹjú, mo gbé e sórí òpó búlọ́ọ̀kù mẹ́rin kí ajá má baà máa fi ẹnu bọ̀ ọ́, mo sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ torí ìgbẹ́ wọn. Ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù kejì sí ìkẹta, àwọn tó ń wá mumi pọ̀ gan-an ju àwọn tó ń wá jẹun lọ, ẹ̀gà pàápàá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ wá.